Ẹ Má Fi Orúkọ Ẹlòmíràn Gbé Màmá Lọ sí Ọsibítù ní Ìlú Ọba

Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé báyìí, àmọ́ ó pẹ́ tí mo ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó padà sí Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi máa ń wá bá mi bí wọ́n bá fẹ́ fi ìyá tàbí bàbá wọn ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún. Wọ́n á bi mí nípa ẹlùbọ́, wọ́n á bi mí nípa aṣọ òtútù. Ẹni tó ń béèrè nípa ọsibítù kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Ẹni tó bá fi físà iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ wọlé ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ ti físà: £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé. Àwọn tó gba físà iṣẹ́ ìlera kì í san án. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ yín fún un. Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tó péye. Ẹ máa gbé ìpè tí kò fi nọ́ńbà hàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọsibítù sábà máa ń pè. Bí GP bá fura sí jẹjẹrẹ tó sì fi ìwé kánjúkánjú ránṣẹ́, ọjọ́ 28 ni wọ́n ṣètò pé kí ẹ fi mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́.

Ti físà àbẹ̀wò ló le. Ìyá tó wá wẹ ọmọ kò sí lára àwọn tó sanwó ìlera. Ó lè rí GP lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè lọ sí yàrá pàjáwìrì lọ́fẹ̀ẹ́, títí di ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tí wọ́n fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá. Bí ikọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ikọ́ ife, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló máa sanwó, wọ́n á sì fi ìdajì iye tó yẹ lé e. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dájú ti ń wọlé síni lára.

Màmá Òkè-Àdó, àbúrò ìyá tó bí mi, lọ wẹ ọmọ fún ọmọ wọn obìnrin. Ikọ́ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ilé. A ní ọyẹ́ ni, a ní èéfín ni, a fún wọn ní àgbo. Ìgbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa gba owó gidi lọ́wọ́ wọn, ó sì fún wọn ní orúkọ àti nọ́ńbà NHS (ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì) ti obìnrin mìíràn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Ó ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ máa já sí.

Wọ́n ya àwòrán CT, èyí tí ẹ̀rọ fi ń wo inú ara. Kókó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, òmíràn sì wà lórí adrenal òsì. Adrenal ni ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, tó ń pèsè èròjà tó ń gbé ìfúnpá àti agbára ara ró. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ràn àtibọ́ síbẹ̀, bó ṣe ń lọ sí ọpọlọ, egungun àti ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀ kódà bí aláìsàn kò bá ní ìrora kankan ní ikùn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo kókó orí adrenal ni jẹjẹrẹ, kódà lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní kókó tí kò lè pa wọ́n lára níbẹ̀. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń béèrè ni àwòrán àtijọ́. Bí kókó bá ti wà níbẹ̀ lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn láì tóbi sí i, ó ṣeé ṣe kó má ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ tuntun, ọkàn wọn á lọ síbi tó burú.

Wọ́n ṣí fáìlì. Obìnrin tó ni orúkọ yẹn ti ya àwòrán ikùn rí, adrenal rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ní kókó tuntun ni, ó jọ pé jẹjẹrẹ ti rìn, iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóró kò tún yá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Òkè-Àdó ṣí àpótí aṣọ, ó bá àpò ìwé kan níbẹ̀: àwòrán CT tí Màmá yà ní Ìbàdàn nígbà tí òkúta inú kíndìnrín ń dà wọ́n láàmú. Kókó adrenal òsì wà nínú èsì náà, ìwọ̀n kan náà. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà lọ́dọ̀ Màmá lọ́hùn-ún kò lè fi han dókítà, torí orúkọ tó wà lórí ìwé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi gba bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ rò ó wò! Ohun tó lè tú Màmá sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ ń fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lórúkọ Màmá, owó tí wọ́n ń sá fún sì dé lórúkọ Màmá. Kókó inú ẹ̀dọ̀fóró kò dúró dè wọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ó sì léwu: oògùn tí ara ẹlòmíràn kọ̀, àìsàn tí kì í ṣe tiyín, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kọ mọ́ yín lára, ẹni tó yá yín lórúkọ náà á sì máa gbé àìsàn yín kiri. Bí nǹkan bá jẹ́ kánjúkánjú, wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí owó lé yín. Ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ ní ẹ fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí gbèsè £500 tó bá ju oṣù méjì lọ lè ba físà tó ń bọ̀ jẹ́. Ìtọ́jú ìrọ̀rùn, èyí tó ń dín ìrora kù fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ ń ṣe kì í gbowó. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìbánigbófò ìrìn-àjò jù, wọ́n sábà máa ń yọ àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá sì wá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti dé adrenal lóòótọ́, ẹ má tíì ká ẹní. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, wọ́n lè gé e kúrò tàbí fi ìtànṣán jó o. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ kókó náà wò fún EGFR, ALK àti PD-L1, àwọn àmì inú jẹjẹrẹ tí wọ́n ń wá ní yàrá àyẹ̀wò, torí èyí ló ń sọ oògùn tó bá a mu. Bí adrenal méjèèjì bá bàjẹ́, àárẹ̀ á pọ̀, òòyì á máa kọ́ aláìsàn bó bá dìde, á máa bì, ìfúnpá á wálẹ̀. Wọ́n á fún un ní hydrocortisone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń rọ́pò èròjà tí adrenal kò lè pèsè mọ́. Àwọn ará ilé máa ń ní oògùn yẹn ń wú ojú, kí ó jáwọ́. Bó bá jáwọ́ lójijì, ó lè kú! Ẹ gba káàdì sítẹ́rọ́ìdì tí NHS ń fúnni, orúkọ tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ sí i. Bó bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, kí ẹ sì sọ pé ó nílò abẹ́rẹ́ hydrocortisone.

Kí àgbà tó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ìbàdàn, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ya àwòrán fún un, ì báà jẹ́ UCH tàbí ilé àyẹ̀wò ní Dùgbẹ̀, kí ẹ gba èsì àti CD. Bó bá ń padà bọ̀, ẹ gba lẹ́tà ìdásílẹ̀, àwòrán lórí CD, àti hydrocortisone tó máa tó títí yóò fi rí dókítà nílé. Inú báàgì ọwọ́ ni kí gbogbo rẹ̀ wà, ẹ má jù ú sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀.