Tíì ò wọ́n: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn ìjà Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Má sọ pé ọ̀wọ́n tíì ló bí àwọn ará Boston, ìlú kan ní Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nínú tí wọ́n fi dà á sómi. Èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó mọ ohun tó wà nínú òfin ọdún 1773. Ọ̀pọ̀ ni tíì fẹ́ dà! Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London gba East India, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, láyè kó máa kó o lọ sí Amẹ́ríkà tààrà, wọ́n sì yọ̀ǹda owó ibodè tó yẹ kó san nílé, débi pé tíì fàyàwọ́ gan-an ò ní lè bá a du ọjà. Àmọ́ owó òde pẹ́ńsì 3 lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rà á ti gbà nìyẹn pé ilé aṣòfin tí òun ò rán ẹnikẹ́ni lọ lè bu owó lé òun. Ìwọ̀nba oníṣòwò tí ilé-iṣẹ́ náà yàn ló sì máa tà á; kí làwọn yòókù fẹ́ jẹ? Lálẹ́ December 16, àwọn ọkùnrin kan fi èédú kun ojú, wọ́n gun ọkọ̀ mẹ́ta ní èbúté, wọ́n fi àáké la àpótí 342, wọ́n da gbogbo ewé inú wọn sómi.

Má sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìró ìbọn ọdún 1775. Lọ́dún 1765 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí òǹtẹ̀ olówó wà lára ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ìròyìn, títí kan káàdì tí wọ́n fi ń ta ayò. Ní Boston, wọ́n ṣe ère Andrew Oliver, ẹni tó fẹ́ máa pín òǹtẹ̀ náà, wọ́n so ó rọ̀ sórí igi. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi kọ iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì mọ́, làwọn oníṣòwò London fúnra wọn bá ń bẹ ilé aṣòfin. Wọ́n fagi lé òfin náà ní March 1766.

Má pe àwọn ará Amẹ́ríkà ní ajìjàǹgbara òmìnira láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní July 1775, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní Lexington, níbi tí ìbọn ọ̀hún ti dún, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kọ sí Ọba George Kẹta. Kò gbà á.

Má sì gbàgbé ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn. Ní January 1773, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kí tíì tó wọmi, àwọn ẹrú adúláwọ̀ ní Massachusetts kọ̀wé sí gómìnà àti ilé aṣòfin ibẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn lọ́wọ́ ìnira. Wọn ò dá wọn sílẹ̀.