Ẹ yéé pariwo pé kí wọ́n ṣáà kó sójà lọ: àṣìṣe tá a ṣe lórí ọ̀rọ̀ Niger

Nígbà táwọn sójà fìbọn gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum ní orílẹ̀-èdè Niger lóṣù July 2023, ńṣe làwọn èèyàn wa ń pariwo pé kí Nàìjíríà wọlé lọ bá wọn, ṣebí àwa la pọ̀ jù, àwa la ní bàálù ogun jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ronú báyẹn mọ́. Pé èèyàn lágbára ju ẹlòmíì lọ, ìyẹn ò ní kó rí ohun tó ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí Bazoum padà sórí àlééfà la fẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa dáàbò bò ó gan-an ló há a mọ́lé ní Niamey, olú ìlú wọn, bọ́ǹbù wo ló fẹ́ mú un jáde láàyè?

Àwọn kan á ní realist làwọn, ìyẹn àwọn tó gbà pé agbára àti àǹfààní ló ń darí àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè, pé agbára nìkan layé mọ̀. Irọ́ ni o. Hans Morgenthau tó jẹ́ àgbà nínú àwọn realist, òun gan-an ló ta ko ogun tí Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam, torí ó rí i pé àǹfààní ibẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń ná sí i.

Ẹ má dá gbèdéke tí ẹ ò lè dúró tì. July 30 ni ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí Tinubu jẹ́ alága ẹ̀ nígbà yẹn, fún àwọn sójà Niger ní ọjọ́ 7 kí wọ́n fi dá Bazoum padà sípò. Kó tó pé, àwọn sẹ́nétọ̀ wa l'Ábújá ti ní kí wọ́n lọ wá ọ̀nà òṣèlú sí i. Àwọn sójà Niamey gbọ́, wọ́n bá jókòó wọn jẹ́jẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn ará bọ́dà tá a gbàgbé. Ìpínlẹ̀ 7 ló bá Niger pààlà láti Kebbi títí dé Borno, ó ju kìlómítà 1,500 lọ, Haúsá wà níhìn-ín Haúsá wà lọ́hùn-ún, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, a wá ti bọ́dà pa, a já iná tí à ń fún Niger, àwọn oníṣòwò Jibia àti Illela ló jìyà ẹ̀, nígbà tí Boko Haram àtàwọn agbébọn ṣì ń dà wá láàmú nílé. Sójà wo la fẹ́ kó lọ?

Mali àti Burkina Faso náà ní ẹni tó bá kọlu Niger ti kọlu àwọn. Àwọn 3 yẹn ló kúrò ní ECOWAS ní January 2025.

Ẹ má sì fi Gambia ṣe àpẹẹrẹ. Lóòótọ́ Jammeh, ààrẹ wọn tí kò fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, sá lọ ní January 2017 nígbà tí ECOWAS kó sójà dé, ṣùgbọ́n Barrow tó bá a du ipò ti wọlé ìbò, Senegal ló yí ìlú ọ̀hún ká àfi ibi tí òkun wà, àwọn sójà Jammeh fúnra wọn ò fẹ́ jà, àwọn ààrẹ Guinea àti Mauritania sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó lọ. Yàtọ̀ sí pé Bazoum náà wọlé ìbò, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìyẹn ní Niger, nígbà tí ECOWAS sì ká ọ̀pọ̀ ìjìyà tí wọ́n fi jẹ Niger kúrò ní February 2024, Bazoum ṣì wà ní àtìmọ́lé.