Ìjàlọ Ni àbí Ìkamùdù? Ẹ Wò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Da Kẹrosíìnì

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Òmù-Àrán ni mo rí ìlà dúdú kan tó ń wọ́ kọjá lẹ́yìn ilé adìẹ wa. Mi ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ké "Ìjàlọ!", mo sì da kẹrosíìnì lé wọn lórí. Ìyá mi jáde, ó fi igi tú òkú wọn wò. "Ìwọ tó ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì! Ìkamùdù lo pa dànù yìí. Ikán ni wọ́n ń lọ kó."

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́, ẹ má sún mọ́ wọn jù. Ìjàlọ kì í dọ́gba: wẹ́wẹ́ bí èèrà ìdí ṣúgà wà níbẹ̀, olórí gbàǹgbà tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú náà wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó lójú nínú wọn. Òun ni kí ẹ kó òròmọdìẹ sá fún. Ìkamùdù lójú, ó dúdú, ó sì tóbi. Ẹ dúró kí wọ́n máa bọ̀ wálé: ẹ óò rí ẹyọ kan tó di ikán mẹ́ta sẹ́nu bí ẹni di igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ adìẹ ò kàn án.

Ibi tó ti ń dàrú gan-an rèé. Oríṣi méjì ni àwa ń pè ní ìkamùdù. Èyí tó ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lọ kó ikán ni Megaponera analis. Ìkejì, Paltothyreus tarsatus, sábà máa ń dá jẹ̀ kiri ni. Àwọn onímọ̀ gan-an ti kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, Pachycondyla, rí, títí di 2014, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ inú ìwé àtijọ́ ṣì yín lọ́nà. Ti àkọ́kọ́ ní ńlá, ó ní kékeré. Ti ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ fi igi tọ́ ọ: àkọ́kọ́ á máa dún ṣín-ín-ṣín-ín, ìkejì á rùn débi tí ẹ óò fi yí imú padà. Ẹ má fọwọ́ mú un o, méjèèjì ló ń ta.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kó ńlá àti kékeré sínú ìgò oògùn kan, kí ẹ da sípíríìtì lé e. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ìwé tó máa wà nínú rẹ̀. Sípíríìtì á fọ báírò dànù. Bí ẹ bá ń kọ ibi tí ẹ ti rí i, ẹ má kọ "Kwara" lásán. Kwara kan náà ló ní ọ̀dàn Baruten lókè lọ́hùn-ún, òun náà ló ní igbó ìhà Èkìtì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kọ "Kwara" nìkan, ẹni tó ń ya máàpù ibi tí èèrà wà lè lọ fi àmì sí Ìlọrin, níbi tí èèrà yín ò dé rí.

Tèmi rèé: "Òmù-Àrán, ẹ̀yìn ilé adìẹ, lábẹ́ igi kaṣú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n ń tò lọ." Níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó dá a mọ̀, orúkọ ìyá mi ni mo kọ.