Ẹ Yé Gbé Gbogbo Ẹrù Ìdènà HIV Lé Ẹnì Kan Lórí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Owó kékeré kọ́ ló ń bá pátákó àti bébà ìpolongo HIV lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí i ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ ìpolongo yìí, ẹ gbọ́ o.

1. Àwòrán agbárí àti pósí. Ẹ yọ ọ́. Ẹni tẹ́rù bá bà kì í lọ ṣàyẹ̀wò, ńṣe ló máa sá.

2. "Lo kọ́ńdọ̀mù," tán. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó: kí wọ́n wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí, kí wọ́n tẹ orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n má sì fi fasilíìnì tàbí òróró pa á, torí epo ń mú kó ya.

3. "Ìyá, dáàbò bo ọmọ rẹ." Èyí ló ń bí wa nínú jù. Baba ọmọ dà? Aboyún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ mọ̀. Ará ilé ọkọ á wá ní òun ló kó o wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ní i! Aboyún tí kò ní i lóṣù kẹta lè kó o lára ọkọ lóṣù keje, tàbí nígbà tó ń fọ́mọ lọ́yàn. HIV téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó máa ń pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì rọrùn fún un láti dé ara ọmọ. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí tọkọtaya máa jọ ṣàyẹ̀wò. Nítorí náà, ẹ fún ìyàwó ní ìwé ìpè fún ọkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá wá. Ẹ ya ọjọ́ Sátidé sọ́tọ̀ fáwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó pè wọ́n pọ̀, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ bóyá ó gbà. Bí ẹ bá fura pé ọkọ ń lu ìyàwó, ẹ má fipá mú ìyàwó sọ èsì rẹ̀.

Ẹ má sì máa kọ ọ́ pé kí ẹni tó ní i "má kó o ràn wá." Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ranni nípa ìbálòpọ̀. Ẹni tí kò tíì ṣàyẹ̀wò rí ni kẹ́ ẹ bá wí.

Kọ́ńdọ̀mù ya ńkọ́? Oògùn tó ń dènà HIV wà, wákàtí 72 ò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n á fi lò ó. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn tó ní i àti nọ́ńbà fóònù wọn.

Ẹ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wí: òfin ọdún 2014 ní Nàìjíríà kà á léèwọ̀ láti béèrè àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó gbani síṣẹ́. Ilé ìwòsàn náà ní tiwọn: ẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti ń gba oògùn dáadáa ní ti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kó má baà di pé owó mọ́tò ló dá oògùn dúró.