Lẹ́tà mẹ́rin ti dúró, ọ̀kan ló kù: bí a ṣe ń bọ́ nínú pańpẹ́ Wordle

Àárín géèmù ni Wordle ti máa ń na ọ̀pọ̀ èèyàn. I, G, H, T á ti tan àwọ̀ ewé, inú á máa dùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọ LIGHT, NIGHT, RIGHT, SIGHT, títí ìgbìyànjú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi tán. FIGHT sì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ́tà márùn-ún kan ṣoṣo ló wà lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ lè gbìyànjú. Lẹ́tà tó bá bọ́ sí àyè rẹ̀ á tan àwọ̀ ewé. Èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ àmọ́ tó jókòó sí àyè ẹlòmíràn á tan yẹ́lò. Èyí tí kò sí níbẹ̀ á di eérú. Josh Wardle ló ṣe géèmù náà, ó gbé e síta ní 2021, New York Times sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ó ṣì ṣe é ta lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ mú bíró àti bébà. Ẹ̀yìn rìsíìtì POS ló dára jù, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kíbọọ̀dù orí fóònù máa ń fi lẹ́tà tó ti kú hàn lóòótọ́, àmọ́ kì í sọ ibi tí yẹ́lò ti gbìyànjú tí wọ́n ti lé e. Ẹ fa àpótí márùn-ún, kí ẹ sì kọ lẹ́tà yẹ́lò sábẹ́ àpótí tí kò ti lè padà sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: SLATE. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ADIEU torí pé fáwẹ̀lì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ kọ́ńsónáǹtì ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Tí SLATE kò bá mú nǹkan gidi wá, ẹ fi CRONY tẹ̀ lé e. Lẹ́tà mẹ́wàá nìyẹn láìtún ọ̀kankan lò. HUMID á sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ ẹ má fi òun ṣòfò àfi tí ilẹ̀ bá ṣú pátápátá.

Nígbà tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kàn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí. Etí Yorùbá máa ń ki fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì méjì, ó sì máa ń fi fáwẹ̀lì parí ọ̀rọ̀: búrẹ́dì, búrọ́ọ̀ṣì, náìfù. Ẹni tó bá ń fi etí wá a kò ní rántí pé B àti R sún mọ́ra nínú BREAD àti BRUSH, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rántí K tó ń dákẹ́ níwájú KNIFE. Ẹ kọ BR, ST, SH, CH, KN, WR sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, kí ẹ máa gbé wọn sí àpótí àkọ́kọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà tó bá wà lẹ́ẹ̀mejì náà ń da èèyàn rú. Ká ní THOSE ni ìdáhùn, ẹ sì kọ GEESE: E méjì àkọ́kọ́ á di eérú, tìkẹyìn á tan àwọ̀ ewé. Kì í ṣe pé géèmù ń ta ko ara rẹ̀. E kan ṣoṣo ló wà nínú THOSE, ti ìkẹyìn sì ti gbà á. Ẹ wo gbogbo E tó wà lórí ìlà kí ẹ tó fa ìlà gba orí ọ̀kan.

Ó wá ku pańpẹ́ fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà mẹ́rin bá ti dúró, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù. Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣì lè jẹ́ sílẹ̀, kí ẹ kà wọ́n. Ẹni tó bá fi LIGHT bẹ̀rẹ̀ tí L nìkan sì di eérú, méje ló kù fún un: EIGHT, FIGHT, MIGHT, NIGHT, RIGHT, SIGHT, TIGHT. (WIGHT náà wà nínú díkíṣọ́nárì, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá.) TIGHT ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, torí wọ́n rí T lẹ́yìn, wọ́n rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ méje, ìgbìyànjú márùn-ún. Ẹ má yìnbọn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìgbìyànjú kan rúbọ fún ọ̀rọ̀ tí kò lè jẹ́ ìdáhùn rárá, àmọ́ tó kó lẹ́tà iwájú wọn pọ̀: FERNS. F, E, R, N, S, ọ̀rọ̀ márùn-ún lẹ dán wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí R bá tan yẹ́lò, RIGHT ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá di eérú, MIGHT àti TIGHT ló kù. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ tó ní S lẹ́yìn bíi FERNS kì í sábà jẹ́ ìdáhùn, ṣùgbọ́n géèmù máa ń gbà á wọlé.

Ìgbà wo la ń rúbọ? Tí ọ̀rọ̀ tó kù bá ju ìgbìyànjú tó kù lọ. Mẹ́ta lórí méjì, ẹ rúbọ. Méjì lórí méjì, ẹ kọ ìdáhùn lọ tààrà. Ìgbìyànjú ìkẹyìn kò ní ẹbọ. Tí Hard Mode bá wà ní títàn, géèmù kò ní gba FERNS lọ́wọ́ yín, torí ó fẹ́ kí ẹ lo gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti rí. Ẹ pa á.

Ẹbí -ATCH ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lẹ́yìn WATCH, ó ku BATCH, CATCH, HATCH, LATCH, MATCH, PATCH. Ẹ fi CLAMP rúbọ. C rẹ̀ á tan yẹ́lò kódà tí ìdáhùn kì í bá ṣe CATCH, torí C wà ní àpótí kẹrin tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín. Àfi tó bá tan àwọ̀ ewé ni ìdáhùn fi jẹ́ CATCH. Tí L, M àti P náà bá kú, ó ku BATCH àti HATCH.

Ẹni tó fẹ́ mọ àwọn ẹbí wọ̀nyí sórí kò nílò áàpù olówó. Termux, áàpù tí a fi ń tẹ àṣẹ fún fóònù Android, tó, pẹ̀lú fáìlì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan (ká pè é ní oro.txt), ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. Ẹ kọ grep -i '^.atch$' oro.txt, gbogbo ẹbí náà á jáde. Lẹ́yìn géèmù ọjọ́ ni ká lò ó o, kì í ṣe nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onísíkírábù wa: FELTY, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, wà lára ohun tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, fi gba ife àgbáyé síkírábù ní Perth, Australia, ní 2015, máàkì 36 ló pa fún un.

Ẹ fi -OUND bẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n: BOUND, FOUND, HOUND, MOUND, POUND, ROUND, SOUND, WOUND. WHIPS á dán mẹ́rin wò, FORUM á dán F, R àti M wò, bí ọ̀kankan nínú lẹ́tà méje yẹn kò bá sì tan, BOUND ni.