Bí mo ṣe fi Ansible tún sshd ṣe lórí server 120

Server Linux 120 ló wà lọ́wọ́ mi, sshd, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kéèyàn gba SSH wọlé sórí server láti ọ̀nà jíjìn, ló ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, ó sì ṣòro láti rí méjì tí sshd_config (fáìlì ìṣètò sshd) wọn bára mu. Àwọn kan ṣì ń gba pásíwọ́ọ̀dù, àwọn kan ń jẹ́ kí root (aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ) wọlé tààrà, aago àwọn míì sì ti yẹ̀ débi pé tí mo bá ń wo log mi ò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, màá wọ ọ̀kan, màá tún un ṣe, màá jáde, màá wọ òmíì, tó bá fi máa di ogójì mo ti gbàgbé ohun tí mo ṣe sí ìkẹwàá.

Irinṣẹ́ open source fún irú iṣẹ́ yìí ò wọ́n, CFEngine ti wà láti 1993, Puppet dé ní 2005, Salt náà wà ńbẹ̀. Ansible ni mo mú torí kò ní kí n kọ́kọ́ fi agent (ètò kékeré tó máa ń gbé orí server) sórí server kankan, SSH àti Python tó ti wà ńbẹ̀ ti tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí server máa yẹ ara ẹ̀ wò fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30-30, Puppet ni mo máa ní kí ẹ lò.

Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sínú inventory (fáìlì tí Ansible ti ń ka orúkọ server), mo pín wọn sí web, db àti backup, mo wá run `ansible all -m ping`. Ping yìí kì í ṣe èyí tí a mọ̀ o, ńṣe ló máa gba SSH wọlé, á wò ó bóyá Python ń ṣiṣẹ́. Mẹ́rin ò dáhùn, méjì nínú wọn ò ní Python rárá.

Nínú playbook, ìyẹn fáìlì iṣẹ́ tí ẹ máa kọ fún Ansible, ẹ ò ní máa kọ "ṣe báyìí, ṣe báyẹn", bí server ṣe gbọ́dọ̀ rí lẹ máa kọ. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó máa kọ "ok", kò ní fọwọ́ kàn án, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ó máa tún un ṣe, á kọ "changed". Sí abẹ́ template sshd (àwòṣe tí sshd_config ti ń jáde) mo fi `validate: /usr/sbin/sshd -t -f %s` sí i, kí fáìlì tó ní àṣìṣe má bàa débẹ̀ rárá kó tì mí mọ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà yẹn. Mo kọ́kọ́ fi `--check --diff` wo ohun tó fẹ́ yí padà, mo dán an wò lórí ẹyọ kan pẹ̀lú `--limit`, kí n tó fi `serial: 5` (márùn-ún lẹ́ẹ̀kan) ṣe ìyókù.

Ibi tó dà mí láàmú jù nìyí. Chrony, ètò tó ń tún aago ṣe tí mo fi sínú playbook kan náà, kọ̀ láti wọlé sórí server mẹ́fà torí wọn ò rí repository (ibi tí server ti ń gba ètò), Ansible bá dá wọn dúró. Mo tún repository ṣe, mo run ún lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ ewé, inú mi dùn. Kí n wá fi pásíwọ́ọ̀dù gbìyànjú ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn, ó ní kí n wọlé! Fáìlì ti yí padà nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìparí play (ọ̀wọ́ iṣẹ́ inú playbook) ni handler (iṣẹ́ tó ń dúró de "changed") tó yẹ kó restart sshd kó lè ka fáìlì tuntun máa ń ṣiṣẹ́, play wọn ò sì dé ìparí, nígbà tó wá di ẹ̀ẹ̀kejì fáìlì ti bó ṣe yẹ, kò sí "changed", kò sẹ́ni tó pe handler. Ọwọ́ ni mo fi restart mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo wá fi `meta: flush_handlers` sí ìsàlẹ̀ task sshd, kí handler ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. `--force-handlers` náà máa ṣe é.

Orúkọ service náà tún yàtọ̀, "ssh" ni lórí Debian àti Ubuntu, "sshd" lórí Red Hat, mo fi ìyẹn sínú group_vars (ibi tí a ti ń kọ ohun tó yàtọ̀ fún ọ̀wọ́ server kọ̀ọ̀kan).

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo tún un run pẹ̀lú `--check`, changed=0 ni mo rí lórí gbogbo wọn àfi ẹyọ kan, ẹnì kan ti wọ ibẹ̀ lọ yí PermitRootLogin (ìlà tó ń sọ bóyá root lè wọlé) padà. Mo run playbook sí i, láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti padà sí "no".