Bí Mo Ṣe Gbé Sáfà Ìpàdé Orí Fídíò Kalẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Kan ní Ìkòròdú

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ló ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú. Alága ń gbé ní Ìjẹ̀dẹ̀, Ìyá Akápò wà ní Ìmọ̀ta, àwọn yòókù sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti ìgboro Èkó. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká wọn mọ́ Mile 12, ìpàdé agogo márùn-ún di ti agogo méje nìyẹn. Ètò ìpàdé orí fídíò ọ̀fẹ́ tí a kọ́kọ́ ń lò a máa já mọ́ wa lẹ́nu ní ìṣẹ́jú 40, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó fẹ́ yáwó ni a sì ń sọ níbẹ̀, èyí tí n kò fẹ́ kó máa gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá.

Mo yan Jitsi Meet, ètò ìpàdé orí fídíò tí Emil Ivov fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 2003 ní yunifásítì Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ọ́fíìsì ni mo kọ́kọ́ fi ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ gbogbo wa yóò máa wọlé sí láti ṣe ìpàdé. Nínú ọ́fíìsì, gbogbo wa rí ara wa, ṣùgbọ́n nígbà tí Alága gbìyànjú láti ilé, ojú ewé náà kò tilẹ̀ ṣí. Mo wo àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ráútà wa, mo sì rí i pé ó bọ́ sáàárín 100.64 àti 100.127, ìyẹn àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ wa dà bíi ti ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kò kọjú sí títì: àwa lè jáde, ṣùgbọ́n àlejò kò rí ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Nítorí náà, a háyà sáfà kékeré kan. Mo tẹnu mọ́ ọn pé èyí tó wà ní Èkó ni kí a gbà, nítorí kò sí ìdí tí ohùn láti Ìjẹ̀dẹ̀ fi gbọ́dọ̀ la òkun lọ sí Yúróòpù kó tó dé Ìmọ̀ta. Ẹni tó bá rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. A ra orúkọ àdírẹ́sì, mo sì gba ìwé ẹ̀rí ààbò ọ̀fẹ́ ti Let's Encrypt, tó ń lo ọjọ́ 90 kó tó di pé a tún un gbà, nítorí bíráwúsà kì í ṣí kámẹ́rà fún ojú ewé tí kò ní ààbò.

Ibi tó gba àkókò mi jù nìyí. Èmi àti Akọ̀wé dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí Ìyá Akápò ṣe wọlé báyìí, àwòrán gbogbo wa ṣókùnkùn, ohùn sì pa. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde ná." Bí wọ́n ṣe jáde, àwòrán padà. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé fóònù wọn ló ní àrùn, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹni méjì péré bá wà nínú ìpàdé, Jitsi a jẹ́ kí ẹ̀rọ àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, fídíò kò sì ní gba inú sáfà kọjá. Ẹni kẹta ló ń sọ ọ́ di iṣẹ́ sáfà, pọ́ọ̀tù UDP 10000 sì ni fídíò ń gbà níbẹ̀ (pọ́ọ̀tù ni ojú ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ sáfà, UDP sì ni irú ìfiránṣẹ́ tí fídíò ń lò). Pọ́ọ̀tù 80 àti 443 nìkan ni mo ṣí. Àṣẹ kan péré fún ufw, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu pọ́ọ̀tù tó ṣí lórí sáfà, ló yanjú rẹ̀:

sudo ufw allow 10000/udp

Ẹni tó bá fẹ́ dán sáfà báyìí wò, kó má ṣe fi ẹni méjì dán an wò.

Ìnáwó dátà ló kù. Bí àwòrán ẹnì kan bá ń gba mégábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwa márùn-ún yóò máa fi 1 ránṣẹ́, yóò sì máa gba 4. Ní wákàtí kan, ìyẹn tó gígábáìtì 2.25 lórí fóònù ẹnì kan, nítorí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Sáfà fúnra rẹ̀ yóò máa tú mégábíìtì 20 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹrù tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wa kò lè gbé láéláé. Mo dín àwòrán kù láti ìlà 720 sí 360, mo sì fi channelLastN, ètò Jitsi tó ń pinnu iye àwòrán tí yóò máa wọlé, sí 2, kó lè jẹ́ àwòrán àwọn méjì tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nìkan ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ohùn gbogbo ènìyàn ṣì ń wọlé.

Mo tún ti ilẹ̀kùn, nítorí bí a bá fi Jitsi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lè ṣí ìpàdé sórí rẹ̀. Alága àti Akọ̀wé nìkan ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí i. Àwọn yòókù a dúró títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi wọlé.

Akọ̀wé bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí sáfà máa gba ìpàdé sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé Jibri tó ń ṣe iṣẹ́ náà yóò ṣí bíráwúsà tirẹ̀ láti máa wo ìpàdé bí ẹnì kan nínú wa, àti pé sáfà kékeré tí a háyà kò lè rù ú. Inú ìwé ni wọ́n ṣì ń kọ ìpàdé sí di òní.